Bí A Ṣe Ń Dá sí Ọ̀rọ̀ Ìjọba Káúńtì Láì Di Oníjà, Láì sì Di Òǹwòran

Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ń gbé ní káúńtì Prince George's ní ìpínlẹ̀ Maryland, láti Bowie dé Lanham, Laurel àti Upper Marlboro, ló lè ka orúkọ àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá láìwo ìwé, tí wọ́n sì lè jiyàn títí ilẹ̀ ó fi ṣú lórí ẹni tó ń ṣe ààrẹ Amẹ́ríkà; ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tó ń ṣojú àdúgbò wọn nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin káúńtì, ẹnu wọn a wọhò. Bẹ́ẹ̀, ìgbìmọ̀ yìí ló ń fọwọ́ sí iye owó orí tí ẹ ń san lórí ilé, òun ló ń sọ ibi tí wọ́n lè kọ́ ilé ìtajà sí àti ibi tí wọn kò gbọdọ̀ kọ́ ọ sí, òun náà ló sì ń gbé owó kalẹ̀ fún ọlọ́pàá, iná ojú pópó, ilé ìkàwé àti ilé ìwé àwọn ọmọ yín.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tí kò fẹ́ di olóṣèlú, tí kò sì gbà pé olè ni gbogbo olóṣèlú, ṣùgbọ́n tó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ òun dé etí ẹni tó lágbára láti ṣe nǹkan sí i, kí wọ́n tó ṣe ìpinnu. Mo mú Prince George's nítorí pé àwa Yorùbá pọ̀ níbẹ̀, àti nítorí pé ohun tó ti ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti gba ìwé òfin ìpìlẹ̀ káúńtì ní 1970 kún fún ẹ̀kọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ rìn ní àárín. Ẹni tó ń gbé ní káúńtì míì lè lo ọgbọ́n kan náà, bí ó bá ti kọ́kọ́ wádìí bí òfin tirẹ̀ ṣe rí, torí pé àwọn káúńtì tó lé ní 3,000 tó wà ní Amẹ́ríkà kò jọ ara wọn rárá. Ní Connecticut, káúńtì kò tilẹ̀ ní ìjọba kankan mọ́ láti 1960.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ni ọ̀rọ̀ náà

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ènìyàn gbé ẹjọ́ lọ síwájú ẹni tí kò ní àṣẹ lórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀nà ọkọ̀ wò. Bí kòtò bá wà lójú ọ̀nà tó gba iwájú ilé yín, ọ̀nà náà lè jẹ́ ti káúńtì, ó lè jẹ́ ti ìlú tó ní ìjọba tirẹ̀ bíi Bowie tàbí Hyattsville, ó lè jẹ́ ti ẹgbẹ́ onílé tí ẹ ń san owó àdúgbò fún, ó sì lè jẹ́ ti ìpínlẹ̀. Annapolis Road tí gbogbo wa ń gbà kọjá ní Lanham, ti ìpínlẹ̀ ni. Nọ́ńbà rẹ̀, MD 450, ló fi í hàn. Ẹni tó bá lọ jókòó fún wákàtí méjì ní ìgbìmọ̀ káúńtì láti béèrè iná ìdarí ọkọ̀ lórí rẹ̀ yóò gba ẹ̀rín músẹ́ àti ìlérí pé wọn ó kọ lẹ́tà, yóò sì darí sílé pẹ̀lú èrò pé ìjọba kò gbọ́ tirẹ̀. Wọ́n gbọ́, ọ̀rọ̀ náà ni kò sí lọ́wọ́ wọn.

Bákan náà ni ti ilé ìwé. Owó tó ń lọ sí ilé ìwé ju ìdajì gbogbo ìṣúná káúńtì lọ, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́, tí ó dá dúró lọ́tọ̀ tí àwọn olùdìbò sì ń yàn, ló ń ṣàkóso bí ilé ìwé ṣe ń lọ. Bí ẹjọ́ yín bá jẹ́ pé owó kò tó, ẹ lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ káúńtì. Bí ó bá jẹ́ pé wọn kò ná an bó ṣe yẹ, tàbí pé bọ́ọ̀sì ọmọ ń pẹ́, ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ni kí ẹ wá lọ. Ní ọ̀pọ̀ jù lọ àdúgbò, omi ẹ̀rọ jẹ́ ti WSSC, ilé iṣẹ́ tí Prince George's àti Montgomery jọ ní. Ní ti àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ bíi pàǹtírí tí wọn kò kó, igi tó wó tàbí iná pópó tó kú, ẹ pe 311, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà tí wọ́n bá fún yín sílẹ̀, torí láìsí nọ́ńbà yẹn kò sí ẹ̀rí pé ẹ pè.

Owó orí ilé ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ yẹ̀ wò jù, torí níbẹ̀ ni àwa tí a ra ilé ti máa ń bínú sí ẹni tí kò ṣẹ̀ wá. Káúńtì kọ́ ló ń sọ iye tí ilé yín tó. Ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ ló ń ṣe é, lẹ́ẹ̀kan ní ọdún mẹ́ta. Nígbà tí ìwé ìdíyelé bá dé, ẹ ní ọjọ́ 45 láti ta kò ó, bí ọjọ́ náà bá sì ti kọjá, gbogbo ariwo tí a bá pa ní ìjókòó káúńtì kò lè yí iye náà padà. Ohun kejì ni ìrànwọ́ tí wọ́n ń pè ní Homestead, tó wà fún ẹni tó ń gbé inú ilé tó jẹ́ tirẹ̀. Kì í jẹ́ kí iye tí wọ́n ń gba owó orí lé lórí fò sókè ju ìwọ̀n kan lọ lọ́dọọdún; káúńtì kọ̀ọ̀kan ló ń yan ìwọ̀n tirẹ̀, kò sì lè ju ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ènìyàn ń kọ fọ́ọ̀mù rẹ̀ fún ilé kan, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá kọ ọ́ kò ní rí i gbà. Kí ẹ tó ké sí ọmọ ìgbìmọ̀ pé owó orí ti pa yín, ẹ wo ìwé yín bóyá ẹ ti kọ fọ́ọ̀mù yìí.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti dá ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ti káúńtì gan-an mọ̀, ẹ wá mọ àwọn tó ń ṣe é. Ọ̀gá àgbà káúńtì ni wọ́n ń dìbò yàn láti ṣàkóso iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ìgbìmọ̀ aṣòfin ní ọmọ ẹgbẹ́ 11, mẹ́sàn-án ń ṣojú ẹ̀ka mẹ́sàn-án, ọ̀kan fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, méjì sì ń ṣojú gbogbo káúńtì, ètò tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdìbò 2018. Èyí já sí pé ènìyàn mẹ́ta nínú ìgbìmọ̀ náà ló nílò ìbò yín. Ẹ̀yin náà ẹ kọ̀wé sí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọ̀rọ̀ owó, níbi tí àárín ti ṣe é rí

Ní 1978, inú bí àwọn olùdìbò Prince George's sí owó orí ilé, wọ́n sì fi ìdìbò kọ ọ́ sínú ìwé òfin ìpìlẹ̀ pé àròpọ̀ owó tí káúńtì ń gbà lórí ilé kò gbọdọ̀ ga sí i mọ́. TRIM ni wọ́n ń pe òfin náà títí di òní. Nígbà tó di 1984, tí ìnira rẹ̀ ti hàn sí gbogbo ènìyàn, wọ́n tún un ṣe: wọn kò fa òfin náà ya, wọ́n kàn gbé òpin náà kúrò lórí àròpọ̀ owó, wọ́n fi sórí iye tí wọ́n lè gbà lórí 100 dọ́là. Bí ilé bá pọ̀ sí i tàbí tí iye ilé bá lọ sókè, owó tó ń wọlé lè pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n káúńtì kò lè fúnra rẹ̀ gbé iye orí 100 dọ́là náà ga. Àtúnṣe irú èyí ni mo ń pè ní àárín, kò sì wu ẹgbẹ́ méjèèjì tán nígbà náà, bẹ́ẹ̀ ni kò wù wọ́n tán ní òní olónìí.

Ní 2012, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ṣe òfin tó jẹ́ kí káúńtì lè rékọjá òpin bẹ́ẹ̀ bí owó náà bá jẹ́ fún ilé ìwé nìkan. Ní 2015, Rushern Baker tó jẹ́ ọ̀gá àgbà káúńtì nígbà náà lo àǹfààní òfin yìí, ó ní kí wọ́n fi sẹ́ǹtì 15 kún owó orí lórí 100 dọ́là kọ̀ọ̀kan, kí ilé ìwé lè gòkè. Àwọn òbí kan àti olùkọ́ dúró tì í. Àwọn onílé, pàápàá àwọn àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì, sọ pé apá àwọn kò lè ká a. Ìgbìmọ̀ gbọ́ ti ọ̀tún, wọ́n gbọ́ ti òsì, ìgbẹ̀yìn rẹ̀ sì ni pé sẹ́ǹtì 4 ni wọ́n fọwọ́ sí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ fún ilé tí wọ́n dá 400,000 dọ́là lé. Sẹ́ǹtì 15 ì bá mú 600 dọ́là kún owó orí rẹ̀ lọ́dún. Sẹ́ǹtì 4 mú 160 dọ́là. Ẹni tó bá lè sọ nọ́ńbà méjèèjì yìí ní gbangba, kó sì sọ iye tó lè san àti ohun tó fẹ́ kí owó náà ṣe, wúlò fún ìgbìmọ̀ ju ẹni tó kàn ní «owó orí ti pọ̀ jù» lọ, ó sì wúlò ju ẹni tó ní «ohun gbogbo fún àwọn ọmọ wa» lọ. Bí ẹ bá ní kí wọ́n dín owó orí kù, ẹ dárúkọ ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n má ṣe mọ́. Bí ẹ bá ní kí wọ́n fi iṣẹ́ kún iṣẹ́, ẹ dárúkọ ibi tí owó yóò ti wá. Àwọn tó ń jókòó lórí àga náà kì í sábà gbọ́ gbólóhùn kejì yìí lẹ́nu aráàlú, etí wọn a sì nà sí i.

Ní ti àkókò, ọ̀gá àgbà káúńtì gbọ́dọ̀ gbé ètò ìṣúná rẹ̀ wá síwájú ìgbìmọ̀ ní ìdajì oṣù kẹta. Ìgbìmọ̀ a máa ṣe ìjókòó ìta gbangba lórí rẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ parí rẹ̀ kí oṣù kẹfà tó wọlé, torí ọdún ìṣúná tuntun bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù keje. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n fi owó sí nǹkan, kó kọ̀wé ní oṣù kẹwàá tàbí ìkọkànlá ọdún tó ṣáájú, nígbà tí àwọn ọ́fíìsì ṣì ń kó ìbéèrè tiwọn jọ. Tó bá di oṣù karùn-ún, ìwọ̀nba àtúnṣe ló kù.

Bí ẹ ṣe lè lo ìṣẹ́jú mẹ́ta

Ní ìjókòó ìta gbangba, ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí kí ó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń fún ẹnì kan. Ẹ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ ṣáájú, ẹ sì lè fi ọ̀rọ̀ yín ránṣẹ́ ní àkọsílẹ̀ bí ẹ kò bá lè wá nítorí iṣẹ́ alẹ́. Àwa Yorùbá fẹ́ràn kí a kí ènìyàn dáadáa ká tó sọ̀rọ̀, ẹ̀kọ́ ilé sì ni. Ṣùgbọ́n níbí, ìkíni gígùn a jẹ ìdajì àkókò yín. Ẹ kí alága ìgbìmọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì wọ inú ọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé àbádòfin kan wà níwájú ìgbìmọ̀ tó fẹ́ kí ọkọ̀ iṣẹ́ kankan má sùn sí ojú pópó ilé gbígbé mọ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n sọ lè wí báyìí: «Mo ń gbé ní Lanham. Mo fara mọ́ àbádòfin yìí, bí ẹ bá ṣe àtúnṣe kan sí i. Òótọ́ ni pé ọkọ̀ akẹ́rù gbọọrọ ń dí ojú ọ̀nà ní òpópónà wa, kì í sì í jẹ́ kí ẹni tó ń jáde ní àárọ̀ rí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe kọ ọ́ yìí, yóò kan bọ́ọ̀sì kékeré tí àwọn olùtọ́jú aláìsàn fi ń gbé àwọn arúgbó lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní ààyè ìgbọ́kọ̀sí míì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìwọ̀n ọkọ̀ sí i, kí ó lè mú ọkọ̀ ńlá, kí ó fi bọ́ọ̀sì kékeré sílẹ̀.» Ọ̀rọ̀ náà kò tó ìṣẹ́jú kan. Ó sọ ibi tí ó dúró sí, ó gbà pé ẹ̀dùn ọkàn ẹni kejì jẹ́ òótọ́, ó sọ ohun tí ó rí fúnra rẹ̀, ó sì béèrè ohun kan tí òṣìṣẹ́ ìgbìmọ̀ lè kọ sínú ìwé ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ sílẹ̀ fún akọ̀wé.

Ṣùgbọ́n ìjókòó ìta gbangba kì í ṣe ibẹ̀rẹ̀. Àbádòfin a máa kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó, níbi tí ènìyàn kì í pọ̀, tí wọ́n sì ti ń tún gbólóhùn tò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni méjì tó bá wá síbẹ̀ lè ṣe ju ọgọ́rùn-ún tó wá ní ọjọ́ ìkẹyìn lọ.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yàtọ̀

Bí ẹ bá rí pátákó ìkéde níwájú ilẹ̀ òfìfo kan nítòsí yín pé wọ́n fẹ́ kọ́ ilé sí i, ẹ má ṣe sáré pe ọmọ ìgbìmọ̀. Nígbà tí ẹjọ́ ilẹ̀ bá dé iwájú ìgbìmọ̀ káúńtì, bí adájọ́ ni wọ́n ṣe ń jókòó, òfin kò sì gbà kí wọ́n bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀, ìbáà jẹ́ ẹ̀yin, ìbáà jẹ́ ẹni tó fẹ́ kọ́lé. Ohun tí ẹ ó ṣe ni pé kí ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ ètò ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ẹjọ́ náà, kí wọ́n lè máa fi ìwé ránṣẹ́ sí yín. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú àkọsílẹ̀ kò ní lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn bí ìpinnu bá jáde, bó ti wù kí ilé rẹ̀ sún mọ́ ilẹ̀ náà tó. Ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí wa tó ń ra ilẹ̀ láti kọ́lé náà ń dúró níwájú àjọ kan náà, ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a máa fi ọ̀wọ̀ bá aládùúgbò tó ń ṣàròyé nípa ariwo àti ọkọ̀ lò. Ọ̀la lè jẹ́ tiwa.

Bí ìlànà ṣe borí ariwo ní 2021

Ní 2021, ó tó àkókò láti tún ààlà àwọn ẹ̀ka mẹ́sàn-án pín. Ìgbìmọ̀ olùwádìí kan ṣe àwòrán ààlà tí kò yí nǹkan padà púpọ̀. Àwọn aṣòfin káúńtì gbé e sápá kan, wọ́n ya tiwọn, èyí tó gbé àwọn kan tó ṣeé ṣe kí wọ́n dupò kúrò ní ẹ̀ka tí wọ́n ti fẹ́ díje. Aráàlú tú jáde sí ìjókòó, ẹni tó sọ̀rọ̀ lòdì sí i pọ̀ gan-an, síbẹ̀ wọ́n fọwọ́ sí i.

Àwọn olùgbé káúńtì díẹ̀ wá ka ìwé òfin ìpìlẹ̀. Wọ́n rí i pé ìpinnu lásán ni ìgbìmọ̀ fi gba àwòrán náà wọlé, bẹ́ẹ̀ òfin ni ó yẹ kí wọ́n ṣe, nípasẹ̀ àbádòfin. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ẹjọ́, wọ́n borí, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Maryland sì fọwọ́ sí ìdájọ́ náà ní oṣù kẹta 2022. Àwòrán ìgbìmọ̀ olùwádìí ni wọ́n padà lò. N kò sọ pé àwọn tó sọ̀rọ̀ ní ìjókòó fi àkókò ṣòfò. Ọ̀rọ̀ wọn ló jẹ́ kí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan nínú ìwé òfin ló dá ọwọ́ ìgbìmọ̀ dúró, ìwé náà sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá fẹ́ kà á.

Òfin Maryland tún fún yín ní ohun méjì láti fi wádìí. Ìjọba gbọ́dọ̀ gbé ètò ìjókòó síta ó kéré tán wákàtí 24 ṣáájú. Ẹ sì lè kọ̀wé béèrè àkọsílẹ̀ ìjọba: ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n ní láti dáhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, wákàtí méjì àkọ́kọ́ tí wọ́n bá fi wá a kò sì ní owó lórí. Ẹ dárúkọ ìwé kan pàtó àti oṣù tí ẹ ń fẹ́. Ẹni tó bá ní «gbogbo ìwé lórí ọ̀nà wa» yóò gba ìwé owó dípò ìwé tó béèrè.

Ìdìbò, àti ìkìlọ̀ kan

Ọdún tí wọ́n ń yan gómìnà ni wọ́n ń yan àwọn aṣòfin káúńtì, bíi 2022 àti 2026. Nínú káúńtì yìí, ẹgbẹ́ Democrat pọ̀ débi pé ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ náà ló sábà máa ń yan ẹni tó máa wọlé, ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ ẹgbẹ́ náà kò sì lè dìbò nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń rìn ní àárín ni kì í fẹ́ forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ ẹgbẹ́ kankan, ìyẹn dára lójú mi, àmọ́ kí wọ́n mọ ohun tí ó ná wọn: ìdìbò ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ nìkan ni wọn ó lè bá wọn dì ní àkókò náà.

Ẹni tí kò tíì di ọmọ Amẹ́ríkà lè sọ̀rọ̀ ní ìjókòó, ó lè kọ̀wé, ó lè béèrè àkọsílẹ̀. Kò lè dìbò káúńtì. Hyattsville àti Mount Rainier gba ẹni tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà láàyè láti dìbò ìlú wọn nìkan, ìwé ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ sì yàtọ̀. Bí ẹ bá lọ gba ìwé ìwakọ̀, tí ẹ̀rọ bá béèrè bóyá kí àwọn forúkọ yín sílẹ̀ fún ìdìbò, tí ẹ sì jẹ́ oní green card, ẹ kọ̀ ọ́. Títẹ «bẹ́ẹ̀ ni» níbẹ̀ lè ba ìwé ìgbélùú yín jẹ́, ó sì lè mú kí wọ́n dá ènìyàn padà sí orílẹ̀-èdè rẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dìbò lórí ọ̀rọ̀ yín, ẹ wo àkọsílẹ̀ bí ọmọ ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe dìbò, kí ẹ kọ lẹ́tà ṣókí sí ẹni tó gbè yín àti ẹni tí kò gbè yín, torí ẹni tó ta kò yín lórí ọkọ̀ lè jẹ́ ẹni tí ẹ nílò lórí ilé ìkàwé. Bí ìpinnu náà bá ní kí ọ́fíìsì kan mú àbọ̀ wá ní oṣù kẹsàn-án, ẹ kọ ọ́ sí kàlẹ́ńdà yín, kí ẹ sì pe ọ́fíìsì náà ní oṣù keje, torí ìgbìmọ̀ a máa wà ní ìsinmi ní oṣù kẹjọ.